Igi Ẹ̀gẹ́ Tí Ìyá Ọkọ Rẹ Fún Ọ

Ìgbògbò, lẹ́bàá Ìkòròdú,
Nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kùn.

Sàlámọ́tù ọmọ mi, Àṣàkẹ́,

Ìwé rẹ tẹ̀ wá lọ́wọ́. Kúbúrà àbúrò rẹ ló kà á sí mi létí, òun náà ló sì ń kọ èyí tí mò ń sọ yìí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni kó kọ, kó má fi tirẹ̀ kún un. Ó ní òun ti gbọ́. Ohùn mi gan-an ló sì fi dá mi lóhùn pé òun ti gbọ́. O mọ ọmọ náà. Nítorí pé ó ń sín olùkọ́ jẹ ni wọ́n ṣe lé e kúrò ní ilé ìwé ní ìwé kẹta, kò sì tíì fi í sílẹ̀. Bí o bá bá ẹ̀fẹ̀ pàdé níbì kan, má rò pé èmi ni.

(Èmi Kúbúrà rèé o, Àǹtí. Ohun tí Ìyá bá sọ ni mò ń kọ. Ìyá gan-an ló ń ṣẹ̀fẹ̀, wọn ò kàn mọ̀ ni.)

Ara gbogbo wa le, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bàbá yín ń kí ọ, wọ́n ní kí o bá àwọn kí Mùfú ọkọ rẹ. Ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́. Ewúrẹ́ rẹ bí ìbejì, akọ ni méjèèjì. Ìyẹn tó fún kíkí. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ju kíkí lọ.

O ní ìyá ọkọ rẹ gbé ìdì igi ẹ̀gẹ́ kan fún ọ láti oko ara wọn, pé kí o fi bẹ̀rẹ̀ oko tí bàbá ọkọ rẹ pín fún ọ. O ní o fi ìdì náà ti ògiri lábẹ́ ibòòji, ó sì ti ń rú. Ewé tuntun tó yọ lára rẹ̀ wá ká kò, ó hunjọ, ó sì ní àbàwọ́n yẹ́lò káàkiri bí aṣọ tí aró kò mú dọ́gba. O wá bi mí pé, "Ìyá mi, kí ni kí n ṣe? Bí mo bá gbìn ín, kò ní fi nǹkan gidi sílẹ̀. Bí mi ò bá gbìn ín, wọ́n á ní mo kọ ọwọ́ ìyá ọkọ mi."

Ìbéèrè àgbà lo bi mí. Ilẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fún ọ, òjò kò sì ní dúró dè ọ́. Bí oko àkọ́kọ́ yìí bá kùnà, ọwọ́ ìyá ọkọ ni wàá ti máa gba gààrí títí di ọdún tó ń bọ̀. Ìyàwó tó bá ń gbé abọ́ lọ gba gààrí lójoojúmọ́ kì í lè gbójú sókè sọ̀rọ̀ nínú ilé. Ní apá kejì, ìwọ náà mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa níhìn-ín àti lọ́dọ̀ wọn ní Èjìnrìn, igi ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ọjà. A kì í tà á, a kì í rà á. Ẹni tó fún ọ ní igi ẹ̀gẹ́ ti ṣí ẹnu ọ̀nà oko rẹ̀ fún ọ. Ìyàwó tuntun tí ìyá ọkọ kò bá fún ní igi ti mọ ibi tí òun dúró sí. Nítorí náà, dúpẹ́ ná. Obìnrin yẹn fẹ́ràn rẹ. Ara igi ni àìsàn wà, kò sí lára ọwọ́ tó fún ọ.

Jókòó dáadáa kí o gbọ́ ìyókù.

Èkíní, má ju igi yẹn nù. Nígbà tí èmi náà di ìyàwó nínú ilé yìí, ìyá bàbá yín, kí Ọlọ́run ṣàánú wọn, fún mi ní ìdì igi ẹ̀gẹ́. Igi tiwọn kò ṣàìsàn rárá. Ìgbéraga tèmi ló ń ṣàìsàn. Mo ní kò sí ẹ̀gẹ́ tó dà bíi ti ìyá mi ní Ìkòròdú, mo lọ ru tiyẹn wá, mo wá da ti ìyá ọkọ mi sẹ́yìn àkìtàn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Àṣé igi ẹ̀gẹ́ kì í mọ̀ pé wọ́n ti ju òun nù. Òjò rọ̀, gbogbo rẹ̀ hù. Ìyá ọkọ mi fẹ́ lọ da eérú láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n bá ẹ̀gẹ́ ara wọn lórí àkìtàn tó ń fẹ ewé yẹ̀rẹ̀yẹ̀rẹ̀. Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn pè mí.

"Ìyàwó."

"Ẹ̀ẹ́n, ìyá mi."

"Ẹ kú iṣẹ́ oko o. Mi ò mọ̀ pé orí àkìtàn ni wọ́n ti pín ilẹ̀ fún yín."

Wọn ò tún sọ ọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n o gbọ́ "yín" tí wọ́n lò yẹn? Ìyá ọkọ tó bá ti ń fi ọ̀wọ̀ bá ìyàwó ilé sọ̀rọ̀ ti tì í síta, ó kàn ń sìn ín lọ ni. Ìgbà tí mo bí ọ, tí wọ́n gbé ọ lé ẹsẹ̀, ni wọ́n tó padà wá ń pè mí ní "ìwọ". Ọjọ́ yẹn ni mo sunkún ayọ̀ tí gbogbo ilé rò pé nítorí ọmọ ni.

(Ìyá ti fi ohùn ìyá àgbà sọ ọ̀rọ̀ àkìtàn yẹn gan-an, wọ́n sì ní èmi ni mò ń sín ènìyàn jẹ.)

Èkejì, má ṣe wá ẹni tí wàá dá lẹ́bi. Nígbà tí àìsàn yìí kọ́kọ́ dé oko mi, mi ò mọ ohun tó jẹ́. Ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ni Ìyá Rúká, tí oko rẹ̀ bá tèmi pààlà, ń kọjá lọ tó ní, "Ẹ̀gẹ́ yìí mà dára o, bí ẹni pé wọ́n ń fi wàrà bomi rin ín." Ìyìn lásán ni. Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í hunjọ, mo ní ẹnu rẹ̀ ni. Mi ò kí i mọ́. Bó bá wá fọn iná, mo máa ń ní iná ti kú. Kó tó di ìkórè, tirẹ̀ náà hunjọ, ó tilẹ̀ burú ju tèmi lọ. Mo wá bi ara mi léèrè pé bó bá jẹ́ ẹnu rẹ̀ ló ba tèmi jẹ́, ẹnu ta ló ba tirẹ̀ jẹ́? Nígbà ọdún Iléyá mo gbé ẹran lọ bá a. Ó gbà á, ó dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kò fa àpótí fún mi pé kí n jókòó. Títí di òní, a ń kíra wa, a kì í jókòó tira wa. Ẹ̀gẹ́ tó bàjẹ́ lọ́dún yẹn, a ti gbin òmíràn, a sì ti jẹ ẹ́. Ọ̀rẹ́ yẹn ni mi ò rí igi rẹ̀ gbìn padà.

Èyí tó kàn ni bí àìsàn yìí ṣe ń rìn. O ṣì wà ní Ẹ̀pẹ́ níbi tí o ti ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán nígbà tí ọ̀gá àgbẹ̀ ìjọba wá bá wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó wọ ṣòkòtò péńpé àti ìbọ̀sẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orúnkún, ó sì máa ń wúkọ́ díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ó kó àwa obìnrin jọ sínú oko, ó rọra yí ewé ẹ̀gẹ́ kan dé, ó gbọ̀n ọ́n. Nǹkan funfun bíńtín-bíńtín fò jáde lábẹ́ rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn bá fi ẹnu fẹ́ èlùbọ́.

Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ wò ó dáadáa. Eṣinṣin funfun yìí ló ń gbé àrùn láti ara ẹ̀gẹ́ kan dé òmíràn."

Ìyá Rúká ní, "Ọ̀gá, èyí tí kò tó ẹnu abẹ́rẹ́ yìí? Ṣé ó ń wọlẹ̀ lọ jẹ ìdí ẹ̀gẹ́ ni?"

"Rárá, mà. Omi inú ewé ló ń fà mu. Bó bá fa ti èyí tó ń ṣàìsàn, tó wá lọ fa ti èyí tára rẹ̀ le, ó ti gbé àìsàn fún un nìyẹn. Bí ẹ̀fọn ṣe ń kó ibà ràn wá náà ni."

"Ẹ wá bá wa mú un, ká fà á lọ sílé ọba."

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, mo rí i, ó yára fi ikọ́ bò ó. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, a ò lè mú eṣinṣin tán. Igi tí ẹ ń gbìn lẹ lè yàn."

A túká. Mi ò ka ọ̀rọ̀ náà sí. Àbúrò rẹ ló kà á sí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti wọ ṣòkòtò bàbá yín, ó ká a dé orúnkún, ó fi àjákù aṣọ ṣe ìbọ̀sẹ̀, ó wá dúró lórí odó tí a dojú rẹ̀ dé, ó ń wúkọ́. "Ẹ̀yin ìyá mi, hẹ̀n-ẹ́n, igi tí ẹ ń gbìn lẹ lè yàn." Gbogbo agbo ilé wá wò ó. Bàbá yín rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi gbàgbé láti béèrè ṣòkòtò wọn. Ó ṣe é lónìí, ó ṣe é lọ́la, títí ó fi sú mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò dé, tí mo mú àdá lọ gé igi tí màá gbìn, ohùn ikọ́ yẹn ló wá sí mi létí. Mo wá wo igi tó wà lọ́wọ́ mi. Ewé orí rẹ̀ hunjọ. Mo wo èyí tó tẹ̀ lé e. Bákan náà. Mo gbójú sókè wo oko, n kò rí èyí tó jọ̀lọ̀, àfi díẹ̀ níkangun.

Ibẹ̀ ni ó yé mi, Àṣàkẹ́, mo sì fẹ́ kó yé ìwọ náà kí o tó ronú ibi sí ìyá ọkọ rẹ. Bí ebi bá dé, èwo nínú ẹ̀gẹ́ ni à ń kọ́kọ́ hú? Èyí tí igi rẹ̀ tóbi, tí ewé rẹ̀ fẹ̀, nítorí a mọ̀ pé nǹkan ń bẹ nídìí rẹ̀. A hú u, a rin gààrí, a ju igi rẹ̀ fún ewúrẹ́ tàbí kó gbẹ sínú oòrùn. Èyí tó kéré, tó hunjọ, a ó ní, "Jẹ́ kó ṣì dúró, bóyá á tóbi." Bó bá wá di ìgbà òjò, kí ló kù lóòró nínú oko? Aláìsàn nìkan ni. Òun náà la ó gé gbìn. Rere là ń jẹ, aláìsàn là ń gbìn, a ó wá máa wá àjẹ́ kiri. Eṣinṣin ṣe tirẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwa gan-an ló ń parí iṣẹ́ fún un.

Wàyí o, ìdì tó wà lára ògiri rẹ yẹn. Ìyá ọkọ rẹ kò ṣà á fún ọ nítorí pé kò dára. Ohun tó kù nínú oko wọn ni wọ́n gé. Ta ló wá jẹ àwọn tó dára? Rántí ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ. Rántí bí a ṣe kún inú ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èjìnrìn, tí wọ́n ń gbé ẹ̀bà kalẹ̀ fún wa bí ẹni ń mọ òkìtì, tí àbúrò bàbá rẹ ní kí wọ́n tún bu sí i. Èmi náà jẹ, mo tún di gààrí sílé. Oko obìnrin yẹn la jẹ, ọmọ mi. Ẹ̀gẹ́ tó dára jù lọ ló hú láti fi gbà ọ́ wọlé.

Nígbà tí Kúbúrà ka ìwé rẹ tán, bí mo ṣe rò ó nìyí.

Kí n tó dé ibi tí mò ń lọ, ohun kan tún wà tí mi ò gbọdọ̀ gbàgbé, torí mo mọ̀ ọ́, o fẹ́ràn ọ̀ṣọ́. Ó wà nínú ìwé rẹ pé o fẹ́ gbin òdòdó síwájú ilé. Gbìn ín, ó dára. Ṣùgbọ́n ṣọ́ irú èyí tí wàá mú. Nígbà tí mò ń gbé fùfú lọ fún ìyàwó olùkọ́ kan ní Ìkòròdú, òdòdó kan wà ní ẹnu ọ̀nà wọn, iṣan ewé rẹ̀ yẹ́lò, ó tò bí àwọ̀n apẹja. Gbogbo ènìyàn ló ń yìn ín. Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n hú ọ̀kan fún mi, mo gbìn ín sẹ́yìn ilé ìdáná, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tòmátì àti ata. Kò pẹ́ tí eṣinṣin funfun fi kún abẹ́ ewé rẹ̀. Láti ibẹ̀ ló ti bọ́ sórí tòmátì. Ewé tòmátì ká bí ẹni tí òtútù mú, kò so ju èyí tó kún àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ata tẹ̀ lé e. Ọ̀gá àgbẹ̀ yẹn ló wá sọ fún mi pé àwọ̀n tí mò ń wò bí ọ̀ṣọ́, àìsàn òdòdó náà ni, pé a kò bí i mọ́ ọn. Kì í ṣe irú ti ẹ̀gẹ́, ó ní ti ẹ̀gẹ́ dá dúró lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n irú eṣinṣin kan náà ló ń gbé wọn. Mo hú òdòdó náà, mo jó o. Ó dùn mí, ó rẹwà. Ewé tó tutù, tó ní àwọ̀ kan ṣoṣo, ni kí o fi ṣe ọ̀ṣọ́ ilé rẹ.

(Ìyá ti gbàgbé iye tí wọ́n ka ìmọ̀ràn dé. Mo béèrè, wọ́n ní kí n máa kọ̀wé mi lọ.)

Bí o bá gbìn tán, má sọ pé oko ti parí. Máa lọ wò ó láàárọ̀ kí oòrùn tó mú. Èyí tó bá hù tí ewé rẹ̀ ká, hú u nígbà tó ṣì kéré, má káàánú rẹ̀, nítorí eṣinṣin kò ní káàánú àwọn tó yí i ká. Má gbin oko rẹ mọ́ ẹ̀gbẹ́ oko àtijọ́ tó ti hunjọ. Bí o bá sì rí àwọn tó jọ̀lọ̀, tó ga, so àjákù aṣọ mọ́ wọn lára, kí o má jẹ wọ́n títí òjò yóò fi dé, bí ebi tilẹ̀ ń pa ọ́. Gààrí ẹnikẹ́ni lo lè yá, ṣùgbọ́n ìyẹn, má fọwọ́ kàn án.

Ó ku ohun tí o fẹ́ gbọ́. Lọ́jọ́ ọjà Èjìnrìn tó ń bọ̀ yìí, Kúbúrà yóò bá ọkọ̀ àwọn ọlọ́jà wá. Yóò ru ìdì igi ẹ̀gẹ́ wá láti inú àwọn tí mo so aṣọ mọ́ lára. Má sá lọ gbà á ní èbúté. Kì í ṣe tìrẹ. Bí mo bá fi igi ránṣẹ́ sí ọ láti ilé wa, ohun tí mo ṣe fún ìyá ọkọ tèmi ni mo tún ṣe fún ìyá ọkọ rẹ. Ọ̀dọ̀ wọn ni igi náà ń lọ. Àbúrò rẹ yóò kúnlẹ̀, yóò ní, "Ìyá mi ní kí n kí yín. Wọ́n ní ẹ̀gẹ́ tí ẹ hú nítorí wa lọ́jọ́ ìgbéyàwó ṣì ń ta sánsán lẹ́nu àwọn. Wọ́n ní oko tó ṣe wá lálejò kò gbọdọ̀ ṣófo, kí ẹ bá wọn gbin èyí sí i."

Wọn yóò gbà á. Àna kì í kọ igi àna. Igi náà pọ̀ ju oko obìnrin kan lọ, mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Ìwọ sáà jókòó jẹ́ẹ́. Má wò ó, má béèrè. Wọn yóò gé nínú rẹ̀ fún ọ. Ọwọ́ wọn ni yóò ti bọ́ sí ọwọ́ rẹ, bó ṣe yẹ kó rí.

Ìgbà náà ni kí o wá gbé ìdì ara ògiri yẹn síwájú wọn, kí o fi ewé rẹ̀ hàn wọ́n, kí o sọ òtítọ́: "Ìyá mi, ẹ wo ohun tó ń ṣe é." Òtítọ́ kì í ṣòro sọ nígbà tí ọwọ́ kò bá ṣófo. Bí wọ́n bá béèrè ibi tí àìsàn náà ti wá, kì í ṣe ìwọ ni yóò dáhùn. Ìyàwó tuntun kì í kọ́ ìyá ọkọ ní iṣẹ́ oko. Pe Kúbúrà, kí ó wúkọ́, kí ó ṣe ọ̀gá àgbẹ̀. Ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín kì í mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ wọ òun létí, èmi gan-an jẹ́ ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n mo ti fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́ pé ọ̀gá àgbẹ̀ nìkan ni kó ṣe. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sín ìyá ọkọ rẹ jẹ, dì í lẹ́nu, kí o gbé e sínú ọkọ̀ padà.

(Mo ti gbọ́ o. Ṣùgbọ́n Àǹtí, ohùn wọn dùn ún ṣe.)

Lẹ́yìn náà, sá ìdì yẹn sóòrùn kí o fi dáná. Má fi se oúnjẹ ara rẹ. Gbé ìkòkò ìyá ọkọ rẹ kaná, fi igi yẹn se ọbẹ̀ ẹja fún wọn, kí wọ́n jókòó tì ọ́ bó ṣe ń jó. Ẹ̀bùn wọn kò ṣòfò nìyẹn, wọ́n fún ọ, o sì fi bọ́ wọn. Igi tó bá ti di eérú lójú ẹni tó ni ín kò tún ní hù lórí àkìtàn láé.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí àkọ́hú rẹ wúwo lọ́wọ́.

Ìyá rẹ ló fi ẹnu sọ ọ́,
àbúrò rẹ ló fi ọwọ́ kọ ọ́.